Bí àyà àgbà bá ń já ní Johannesburg, "Ẹ fọkàn balẹ̀" nìkan kò tó

Ní nǹkan bí aago méjì òru, màmá mi á dìde, wọ́n á tan iná pálọ̀, wọ́n á lọ wo kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò ní pẹ́ tí wọ́n padà sùn tí wọ́n á tún dìde. Bí wọ́n ṣe lo ọ̀pọ̀ òru nìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun ní Johannesburg. Bí mo bá wà níbi iṣẹ́ tí n kò tètè gbé fóònù wọn, wọ́n lè pè mí nígbà mẹ́wàá.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀" ni èsì mi. Nígbà tó yá, mo tilẹ̀ ń kanra. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bó bá jẹ́ ìkáwọ́ wọn ló wà, ọkàn wọn ì bá ti balẹ̀ tipẹ́.

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tó wà nílùú yìí ló mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Nílé, àwọn òbí wa ní ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àti aládùúgbò tó ń yà kí wọn. Níbí, ògiri gíga tí wọ́n ta wáyà iná sí lórí ni wọ́n ń wò láti àárọ̀ dalẹ́. Wọn ò gbọ́ Zulu, wọn ò gbọ́ Sotho, a kì í sì fẹ́ kí wọ́n dá jáde.

Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, ìkọlù sáwọn àjèjì bẹ̀rẹ̀ ní Alexandra, ó sì lé ní 60 èèyàn tó kú káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Lẹ́yìn ìkọlù oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ọkọ̀ òfúrufú Air Peace kó ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà padà sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún 2025, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Operation Dudula dá àjèjì padà lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn ìjọba. Àgbà tó ń gbọ́ ìròyìn wọ̀nyí tó ń bẹ̀rù kì í ṣe òmùgọ̀.

Àmọ́ ìyàtọ̀ wà láàárín ìbẹ̀rù tó ń ṣọ́ èèyàn àti èyí tó ń gbé èèyàn dè. Bí àníyàn bá gba oorun àti oúnjẹ lọ́wọ́ èèyàn, tí kò jẹ́ kó lè jáde mọ́, tó sì ń bá a lọ fún oṣù mélòó kan, àìsàn ló ti dà yẹn.

Àwọn àgbà wa kì í sọ pé àníyàn ń ṣe wọ́n. "Àyà mi ń já", "ara mi ń gbọ̀n", "mi ò rí oorun sùn" ni wọ́n máa ń wí. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà kó yẹ ọkàn àti ara wọn wò, kó sì wo àwọn oògùn tí wọ́n ń lò, torí àìsàn míì tàbí oògùn lè fa irú rẹ̀. Ìtọ́jú wà: ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú onímọ̀, àti oògùn tó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe fúnra yín ra oògùn oorun fún wọn. Ó lè mú kí àgbà ṣubú, ó sì lè di bárakú.

Ọ̀pọ̀ ló ń sá fún dókítà kí wọ́n má baà pè wọ́n ní wèrè. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti ń jẹ́ kí àwọn tó ń gba ìtọ́jú ní Àró, l'Ábẹ́òkúta, máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láwọn abúlé tó wà nítòsí. Ó mọ̀ pé ẹbí wà lára ìtọ́jú. Ní Zimbabwe, Dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ Friendship Bench lọ́dún 2006. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló ń jókòó lórí àga ìta ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń fetí sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo. Àgbà fúnra wọn lè ṣe ìwòsàn, bí a bá fún wọn láyè.

Ní Johannesburg níbí, àjọ SADAG, tó ti wà láti ọdún 1994, ní ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí àníyàn ń dà láàmú àti ẹbí rẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹ̀rọ tó lè rọ́pò ẹni tó ń sọ Yorùbá lójúkojú. Ìdí nìyí tí a fi ń ké sí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wa nílùú yìí: ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àwọn òbí tó wà nínú ilé, kí ẹni tó ní ọkọ̀ lọ gbé wọn wá. Ẹ gbàdúrà fún wọn, kí ẹ sì tún bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí dókítà.

A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ tuntun ni a torí rẹ̀ pe màmá wá. Ta ló wá ń wo orí màmá?

Nílé wa, èmi àti màmá ni a jọ ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́ báyìí, ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ sì ń wà. Mo máa ń pè wọ́n ní aago kan ọ̀sán, mi ò kì í yẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń gba ìtọ́jú. Ó ṣì ku òru tí wọ́n ń dìde. Mi ò sọ pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀ mọ́. Mo máa ń dìde bá wọn jókòó ni.