Ṣé Kí Ọ̀dọ́ Tí Ń Gbé Irin Sanra Ni, Tàbí Kí Ó Rù?

Láyé àtijọ́, bí a bá rí ọkùnrin tí ara rẹ̀ kún, tí ọrùn rẹ̀ sì ki, a ó sọ pé owó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, aya rẹ̀ sì mọ ọbẹ̀ í sè. Bí ó bá rù, àwọn ìyá yóò béèrè bóyá àìsàn ni tàbí ìrònú. Lónìí, ojú tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń wo ara wọn ti yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àgbàlá ní Èkó àti Ìbàdàn, wọ́n ń da sìmẹ́ńtì sínú agolo méjì, wọ́n ń fi ọ̀pá irin so wọ́n pọ̀, wọ́n sì ń gbé e láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn tí ó rí owó san ń lọ sí ilé eré ìdárayá. Ìbéèrè kan náà ni ó wà lẹ́nu gbogbo wọn: ṣé kí n jẹun gidigidi kí n lè tóbi, tàbí kí n dín oúnjẹ kù kí ikùn mi lè wọlé?

Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń bi í ni kò yẹ. Jígí ni wọ́n ń bi, àti àwòrán inú fóònù. Èrò tiwa ni pé iṣẹ́ tí ènìyàn fẹ́ fi agbára rẹ̀ ṣe, àti ara tí ó ní lónìí, ni ó yẹ kí ó dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Iṣan ni í gbé ẹrù. Ọ̀rá kì í gbé e. Iṣan a máa dàgbà nígbà tí irin bá fún un ní iṣẹ́, tí oúnjẹ amáradàgbà wà, tí oorun sì tó. Ẹni tí ó bá ń jẹun ju èyí tí ara rẹ̀ ń lò lọ, tí ó sì ń gbé irin, yóò rí iṣan kún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá díẹ̀ yóò bá a rìn. Ẹni tí ó bá ń jẹ dín sí èyí tí ara rẹ̀ ń lò, ọ̀rá rẹ̀ yóò máa yọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá ṣọ́ra, iṣan yóò bá ọ̀rá lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí fi ń mú ọ̀kan ṣe kí wọ́n tó mú èkejì. Ẹni tí ó lé eku méjì, òfo ni yóò bá bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pàápàá bí ó bá sanra, lè rí iṣan gbà kí ọ̀rá rẹ̀ sì dín kù lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ìdí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti fi ebi pa ara rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kò jìnnà sí wa. Dick Tiger, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Richard Ihetu, na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní Pápá Ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963. Ìpele àwọn tí kò wúwo ju 160 pọ́n-ùn lọ ni ó ti ń jà nígbà náà. Nígbà tí oyè ìpele náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1966, ó gòkè lọ sí ìpele 175 pọ́n-ùn. Kò torí èyí sọ ara rẹ̀ di àgbá. Ara tí ó mọ̀ ni ó gbé lọ, ó sì gba oyè àgbáyé lọ́wọ́ José Torres ní oṣù Kejìlá ọdún náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Torres ga jù ú lọ, ó sì wúwo jù ú lọ. Òótọ́ ni pé Bob Foster, òmìrán ọkùnrin, gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1968. Ìtóbi ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni agbára.

Ní ayé tiwa yìí, ẹ wo Anthony Joshua, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣàgámù wá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, ó wọn nǹkan bí 248 pọ́n-ùn, Andy Ruiz sì nà án. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Joshua ti dín ara rẹ̀ kù sí 237 pọ́n-ùn, Ruiz sì ti sanra sí i, ó ti kọjá 280. Joshua fi ẹsẹ̀ rìn yí i ká fún abala méjìlá, ó sì gba oyè rẹ̀ padà. Ẹ má sì ṣe wí pé rírù ni oògùn ìṣẹ́gun: ní 2021, Oleksandr Usyk tí kò wúwo tó Joshua nà án. Ohun tí ìjà kọ̀ọ̀kan ń béèrè ni ó yẹ kí ó pinnu bí ara yóò ti rí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé dandan ni kí alágbára tóbi, kí ó rántí Adijat Olarinoye. Ní ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth ní Birmingham ní 2022, ní ìpele àwọn obìnrin tí kò ju kílò 55 lọ, ó gbé kílò 111 sókè orí rẹ̀, ó sì gba wúrà fún Nàìjíríà.

Báwo wá ni kí ọ̀dọ́ ṣe yàn? Kí ó fi okùn wọn gíga rẹ̀, kí ó ṣẹ́ okùn náà sí méjì. Bí ìdajì okùn náà kò bá yí ikùn rẹ̀ ká, kí ó kọ́kọ́ dín ọ̀rá kù, kí ó má ṣe ju nǹkan bí ìdajì kílò lọ lọ́sẹ̀, kí ó má sì fi irin sílẹ̀, nítorí irin ni yóò pa iṣan mọ́ fún un. Bí ó bá rù, tí irin rẹ̀ kò sì lọ síwájú mọ́, kí ó fi oúnjẹ kún oúnjẹ, kí ó sì jẹ́ kí nǹkan bí kílò kan lóṣù tó o. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tí ó bá yàn, kí ó dúró tì í fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó yí padà. Nínú méjèèjì, kí oúnjẹ amáradàgbà má ṣe wọ́n: nǹkan bí gíráàmù 1.6 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100 ní nǹkan bí 23 nínú, ẹyin kan ní nǹkan bí 6. Ẹja, ẹpa àti wàrà wà lọ́jà wa. Ìyẹ̀fun inú agolo olówó gọbọi kọ́ ni ó dá mọ́ínmọ́ín dúró.

Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù jù lọ ni ti àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí egungun rẹ̀ ṣì ń gùn, ń fi ebi pa ara rẹ̀ kí ikùn rẹ̀ lè pín bí ti ọkùnrin ọlọ́gbọ̀n ọdún inú àwòrán. Àwọn mìíràn ń wá abẹ́rẹ́ tí ń mú iṣan tóbi kíákíá, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ náà lè ba ọkàn àti ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè sọ ọkùnrin di ẹni tí kò lè bímọ. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọdún pípẹ́ wà lẹ́yìn ara tí wọ́n ń wò nì, ìgbà mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ má ṣe lé àwọn ọmọ náà kúrò nídìí irin wọn, nítorí ohun rere ni wọ́n ń wá. Ẹ kọ́ wọn bí a ti í gbé e láìfi ẹ̀yìn pa. Ẹ sọ fún ọmọ tí ó ṣì ń dàgbà pé sísanra tàbí rírù kò tíì kàn án: kí ó jẹun yó, kí ó sùn dáadáa, kí ó sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún irin rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí ó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ẹrù ńlá lọ́la kò gbọdọ̀ jẹ́ kí jígí máa ṣe olùkọ́ wọn lónìí.