Oògùn wárápá ń fẹ́ sùúrù, ọmọ ń fẹ́ òtítọ́

Bí wárápá bá gbé ọmọ ọdún 14 ṣubú láàárín ọjà, ní Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́, àwọn ènìyàn a máa sá sẹ́yìn, nítorí wọ́n gbà pé itọ́ ẹnu rẹ̀ lè ràn wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wárápá kì í ràn. Inú ọpọlọ ni ó ti ń wá, oògùn rẹ̀ sì wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, sọ pé bí ènìyàn 10 tí ó ní àrùn yìí bá rí ìtọ́jú tí ó yẹ, ó lè tó 7 nínú wọn tí kò ní ṣubú mọ́. Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó gba oògùn ṣì ń ṣubú? Nígbà mìíràn, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti oògùn. Ọwọ́ àwọn àgbàlagbà ni ó wà.

Ọpọlọ dà bí ọjà. Àwọn ohun tíntìntín inú rẹ̀ ń fi iná kékeré bá ara wọn sọ̀rọ̀: ọ̀kan ń sọ, èkejì ń gbọ́. Bí wárápá bá dé, púpọ̀ nínú wọn a pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ara a sì máa gbọ̀n. Iṣẹ́ oògùn ni láti má jẹ́ kí ariwo náà bẹ̀rẹ̀. Carbamazépine kì í jẹ́ kí àwọn tí ń pariwo ké ní àkétúnké. Phénobarbital, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Gardénal, ń fún àwọn tí ń pàrọwà ní agbára. Àwọn oògùn wọ̀nyí kì í fa gbòǹgbò àrùn tu. Wọ́n ń dì í mú ni.

Phénobarbital kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ sùúrù. Ó tó ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3 kí ó tó pé nínú ẹ̀jẹ̀, bí omi tí ń kán sínú àmù. Òbí tí ó lò ó fún ọmọ ní ọjọ́ 5, tí ó sì dà á nù nítorí pé ọmọ tún ṣubú, kò tíì dán oògùn náà wò. Èyí tí ó léwu jù ni kí a dá a dúró lójijì nítorí pé ara ọmọ ti yá. Wárápá lè padà wá léraléra láìdáwọ́ dúró, ó sì lè pa ọmọ. Bí ọmọ bá lo bí ọdún 2 láìṣubú, dókítà lè rò ó wò bóyá kí a dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí ń bàlágà tún yàtọ̀. Ara rẹ̀ ń pọ̀ sí i; ìwọ̀n oògùn tí ó tó o ní ọmọ ọdún 9 lè má tó o ní ọmọ ọdún 15. Àìsùn òru àti sódabì lè ta wárápá jí. Ní ti ọmọbìnrin, valproate, tí a tún ń pè ní Dépakine, lè ba ọmọ inú oyún jẹ́. Nítorí náà ó yẹ kí dókítà kọ́kọ́ wá oògùn mìíràn fún un. Bí oògùn bá ń mú ọmọ sùn ní kíláàsì, tàbí tí ara rẹ̀ sú, kí wọ́n tètè padà sí ilé ìwòsàn.

Àwọn òbí kan a máa sọ fún ọmọ pé oògùn orí fífọ́ ni. Ìfẹ́ ni ó fa irọ́ náà, ṣùgbọ́n irọ́ náà ń pani lára. Ọmọ tí ó gbà pé oògùn orí fífọ́ ni òun ń lò kò ní lò ó ní ọjọ́ tí orí kò fọ́ ọ. Kí wọ́n sọ orúkọ àrùn náà fún un. Kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú oògùn, kí ìyá tàbí bàbá máa ka èyí tí ó kù. Kí olùkọ́ náà mọ̀, kí ó lè fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀ bí ó bá ṣubú, láìti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrèǹgbè. Oògùn yóò ṣe ipa tirẹ̀ bí ọmọ àti òbí bá ṣe tiwọn.