Zee World: Bí ìkànnì Íńdíà ṣe gba pálọ̀ ní Òkòkòmáíkò, àti ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún eré Yorùbá

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní Òkòkòmáíkò àti Ìbà, tí iná sì wà, ohùn tó ń jáde látinú tẹlifíṣàn ní ọ̀pọ̀ ilé kì í ṣe ti Èkó, kì í sì í ṣe ti Ìbàdàn. Ti Mumbai ni. Ìyàwó ilé tó ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ fà á, ọmọ tó sọnù tó tún padà wálé, ọkọ tó gbàgbé ẹni tó jẹ́: ìkànnì Zee World ló ń gbé gbogbo rẹ̀ wá lórí DStv. Láti oṣù kejì ọdún 2015 tí ìkànnì náà ti dé, eré bíi Twist of Fate, Jodha Akbar àti Gangaa ti di ọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù onídìrí àti ọ̀rọ̀ inú kórópe.

Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, báwo ni eré tí wọ́n fi èdè Hindi ṣe fún àwọn ìdílé Íńdíà ṣe wá di ti ará Ọ̀jọ́? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n ní láti padà sẹ́yìn díẹ̀.

Doordarshan, tẹlifíṣàn ìjọba Íńdíà, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1959. Oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ká sọ ọ́ ní ṣókí, Íńdíà àti ilẹ̀ Yorùbá fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ gbéra lọ́jọ́ kan náà ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ ìjọba ni tẹlifíṣàn wà ní orílẹ̀-èdè méjèèjì.

Ọdún 1992 ni nǹkan yí padà. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ìjọba ológun Ibrahim Babangida gbé òfin kejìdínlógójì jáde. Òfin yẹn ló dá àjọ NBC sílẹ̀, òun náà ló jẹ́ kí aládàáni lè dá rédíò àti tẹlifíṣàn sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, Subhash Chandra gbé Zee TV sórí afẹ́fẹ́, ìkànnì Hindi aládàáni àkọ́kọ́ lórí sátẹ́láìtì.

Chandra kì í ṣe òṣèré, kì í ṣe oníròyìn. Ọmọ oníṣòwò ọkà ni. Òun fúnra rẹ̀ kó ìrẹsì lọ tà sí Soviet Union, iléeṣẹ́ rẹ̀ sì ń ṣe rọ́bà tí wọ́n ń rọ ọṣẹ ìfọyín sí. Nígbà tó jẹ́ pé ìjọba Íńdíà kò tíì fún aládàáni láyè, ó háyà àyè lórí sátẹ́láìtì AsiaSat, àwòrán ń gba Hong Kong wọlé. Ní àdúgbò, àwọn tó ní díìṣì ń fa wáyà láti ilé kan dé èkejì, wọ́n ń gbowó lóṣooṣù.

Lọ́dún 1992 yẹn kan náà, oníṣòwò kásẹ́ẹ̀tì kan ní Èkó, Kenneth Nnebue, gbé Living in Bondage jáde, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ náwó sórí fíìmù Yorùbá. Oníṣòwò méjì, ọdún kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn yà. Ti Nàìjíríà di kásẹ́ẹ̀tì, tí ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ sì di ibi tí fíìmù ti ń lọ káàkiri Áfíríkà, àtojúlówó àtayédèrú. Ti Íńdíà di eré ojoojúmọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Fíìmù kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tà á lẹ́ẹ̀kan, àwọn kan á dà á kọ, ó parí. Eré ojoojúmọ́ ń bọ́ òǹkọ̀wé, òṣèré, aránṣọ àti oníkámẹ́rà fún ọdún gbọọrọ. Kumkum Bhagya, tí wọ́n ń pè ní Twist of Fate níhìn-ín, bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ó sì lò ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ní Íńdíà, ìkànnì ló ń sanwó fún ẹni tó ṣe eré. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó ṣe eré fi ń sanwó fún iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kí wọ́n tó gbé e, kó tó tún máa wá onípolówó kiri. Ta ló fẹ́ fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe eré ọdún mẹ́wàá?

Kì í ṣe pé ọ̀nà Zee tẹ́jú o. Ní 2000, Star Plus gba ipò iwájú lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àdéhùn bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là tí wọ́n fẹ́ fi da iléeṣẹ́ wọn pọ̀ mọ́ ti Sony tú ká. Síbẹ̀ eré kò dúró.

Ohun kejì ni èdè. Láti àwọn ọdún 1950 ni fíìmù Íńdíà ti ń wọ Kánò láti ọwọ́ àwọn ará Lebanon tó ní ilé sinimá. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ Kánò bíi iléeṣẹ́ Algaita bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn Hausa rọ́pò Hindi. Zee pàápàá mọ ìdí ọ̀rọ̀: Zee Magic ń sọ Faransé, Zee Alem ń sọ Amharic fún àwọn ará Ethiopia. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni Zee World tó wọ Òkòkòmáíkò ń sọ. Ìyá àgbà ń wo ojú òṣèré, ọmọ-ọmọ ń túmọ̀.

Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹni tó ń wò ó. Eré náà jọ ilé wa: ìyá ọkọ, orogún, ìkúnlẹ̀ kí àgbà, aṣọ olówó iyebíye. Òbí lè jókòó ti ọmọ rẹ̀ wò ó láìtijú. Yorùbá náà ti ní irú rẹ̀ rí. Ní àwọn ọdún 1980, Àrélù ti Jimoh Aliu máa ń mú kí àdúgbò dá páro bí ó bá ti tó àsìkò. Africa Magic Yoruba sì wà láti 2010.

Ṣùgbọ́n owó ń lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, DStv Compact kúrò ní ₦15,700, ó di ₦19,000. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Canal+ ti ilẹ̀ Faransé gba MultiChoice tó ni DStv. Ohun tí ìdílé Ìbà máa wò lálẹ́ ti di ohun tí wọ́n ń pinnu lókè òkun.

Ọ̀jọ́ kò ṣaláìní ohun èlò. LASU wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní eré ìtàgé. Alábà wà níbẹ̀, tó ń ta gbogbo ẹ̀rọ tó yẹ. Fífi ohùn Yorùbá sí eré àjèjì kò gba owó tó ṣíṣe tuntun, iṣẹ́ sì ni fún àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ èdè dáadáa. Èyí tó ṣòro jù ni kí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn yí ọwọ́ padà, kí wọ́n máa ra eré dípò kí wọ́n máa ta àyè. Bí ìyẹn kò bá yí, bí àwọn òṣèré wa ti wù kí wọ́n dára tó, Mumbai ni yóò máa sọ ìtàn alẹ́ fún àwọn ọmọ Òkòkòmáíkò.