Ẹ má ju ike yẹn nù, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó gbé rí

Ọ̀rọ̀ pàǹtírí ni mo gbé dé lónìí. Ẹ má sọ pé kí ni mo fẹ́ẹ́ fi pàǹtírí ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú àtàwọn òṣèré tó ń bára wọn jà ṣì wà nílẹ̀. Ìyẹn ò lè tán, a ṣì máa padà sí i. Ìdọ̀tí tó ń jáde nínú ilé wa ló ń dí gọ́tà, bí gọ́tà bá sì ti dí, òjò kékeré ti di wàhálà nìyẹn.

Àwọn ará Ìbàdàn ò ní í bi mí pé kí ni mo ń sọ. Lọ́jọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó gbé èèyàn, ó gbé mọ́tò, ó wó ilé. Lọ́jọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, omi tún yalé nílùú kan náà, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló bá a lọ. Òjò pọ̀ lóòótọ́, àwọn kan sì kọ́lé sójú ọ̀nà omi, àmọ́ ká má tan ara wa, ìdọ̀tí táwọn èèyàn ń dà sódò wà lára ohun tí kò jẹ́ kómi ríbi gbà.

Ṣebí àwọn ìyá wa náà jẹun, wọ́n sì rajà. Kí ló dé tí ààtàn wọn ò ga tó tiwa? Ìdí ni pé nǹkan kì í tètè parí iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ wo dẹ́rìkà tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́jà, orúkọ tòmátò inú agolo ni. Tòmátò tán, agolo di òṣùwọ̀n, orúkọ sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Ìgò ọtí òyìnbó di ti elẹ́pà. Èèpo iṣu di oúnjẹ ewúrẹ́. Èèpo kòkó, wọ́n á sun ún di eérú, eérú á di ọṣẹ dúdú. Rọ́bà inú táyà mọ́tò, òun la fi ń fa omi nínú kànga. Bó o bá sì fẹ́ẹ́ gbé kíréètì mínírà lọ sílé, àfi kó o kó òfìfo ìgò dání. Agolo bisikíìtì tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́? Ọmọ tó bá rò pé bisikíìtì ló wà níbẹ̀, òwú àti abẹ́rẹ́ ló máa bá. Èyí tó tún wá burú ni ti ike áísìkiriìmù inú fìríìjì. Ọmọ á ti máa rẹ́rìn-ín, á ṣí i, ẹ̀gúsí ló máa bá níbẹ̀!

Ọ̀rá àti ike ló wá ba nǹkan jẹ́. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, abọ́ la máa ń gbé lọ sọ́dọ̀ ìyá oní-ẹ̀wà, ewé ni wọ́n sì fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ní báyìí, ọ̀rá ni wọ́n ń dì í sí, wọ́n á tún fi ọ̀rá mìíràn gbé e. Oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2024, ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àwọn ti fòfin de abọ́ funfun tó fúyẹ́ bí òwú táwọn olóúnjẹ ń lò. Àwọn kan bínú. Èmi ò bínú sí i, torí abọ́ ṣì wà nílé gbogbo wa, kò sì sẹ́ni tó máa lé yín bẹ́ ẹ bá gbé e lọ sí bukà. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà náà, ẹ lù ú nísàlẹ̀, ẹ bu erùpẹ̀ sí i, ẹ gbin ata sí i.

Àmọ́ o, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́ mi rèé. Gbogbo nǹkan kọ́ ló yẹ ká tún lò. Ike pẹ́ńtì tí wọ́n fi ń wọn gààrí, ẹ bi alágààrí bóyá ọ̀dà wà nínú ẹ̀ rí. Kẹ́ẹ̀gì tó bá ti gbé kẹ́míkà, fífọ̀ tẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá kò sọ ọ́ di ti omi mímu tàbí ti epo pupa. Ìgò oògùn kòkòrò, ẹ fọ́ ọ kẹ́ ẹ tó jù ú nù, kẹ́nì kan má baà ṣà á lórí ààtàn. Kódà, àkàrà gbígbóná tí wọ́n ń fi ìwé ìròyìn pọ́n kò dáa, nítorí tádàwà tó wà lára ìwé. Mo mọ̀ pé ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ mú dání yìí náà máa dọ́wọ́ aláàkàrà bó bá yá, ẹ ṣáà bá mi sọ fún un pé kó fi ewé tẹ́ ẹ.

Èyí tó ń pa ọmọ ni ti ìgò oúnjẹ táwọn àgbà ń bu májèlé sí. Ẹ bu kẹrosíìnì sínú ìgò mínírà, ẹ gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ bu omi sóódà sínú ike omi, bó ṣe mọ́ rekete bẹ́ẹ̀ ni omi mímu náà mọ́. Rewáyà bu ásíìdì bátìrì síbẹ̀, ẹni tó ń ta òtapíápíá bu tiẹ̀ sínú ìgò oògùn ikọ́. Ọmọ ọdún méjì ò mọ̀wé. Ìgò tó ti mu nǹkan dídùn nínú ẹ̀ lánàá ló rí. Bó bá jẹ́ pé dandan ni kẹ́ ẹ tọ́jú nǹkan wọ̀nyí sílé, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nínú ohun tí wọ́n bá wá, ẹ gbé e sókè, ẹ tì í pa.

Bí ọmọ bá sì ti gbé e mu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kó bì. Bó bá ti ń bì, kẹrosíìnì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣọṣẹ́ jù. Sóódà ńkọ́? Bó ṣe jó ọ̀fun nígbà tó ń lọ, bẹ́ẹ̀ ló máa tún jó o nígbà tó bá ń bọ̀. Ẹ bọ́ aṣọ tó bá dà sí lára ẹ̀, ẹ fi omi ṣan ara ẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ìgò yẹn dání, kí dókítà lè mọ ohun tó mu.