Ààbò Kọ̀ǹpútà Nínú Ọkọ̀ Òfúrufú: Ògiri Tí Èrò Kò Lè Rí

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìdààmú bá pápákọ̀ òfúrufú Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, ti Brussels ní Bẹ́ljíọ́mù àti ti Berlin ní Jámánì. Àwọn ọ̀daràn ti kọlu kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ Collins Aerospace, wọ́n sì ba iṣẹ́ ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MUSE jẹ́. Ètò yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń gba orúkọ èrò àti ẹrù wọn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Nígbà tí ó dákẹ́, ìwé àti kálàmù ni wọ́n padà sí. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, pápákọ̀ Brussels ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fagi lé bí ìdajì ìrìn-àjò tí ó yẹ kí ó gbéra níbẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò mú kí ọkọ̀ kankan já. Ṣùgbọ́n ó gbé ìbéèrè kan dìde: bí ọ̀daràn bá lè dá iṣẹ́ pápákọ̀ dúró láti ọ̀nà jíjìn, ǹjẹ́ ó lè dé inú ọkọ̀ tí ó wà lójú ọ̀run?

Láyé àtijọ́, okùn irin ni ó so ọwọ́ awakọ̀ pọ̀ mọ́ ìyẹ́ ọkọ̀. Lónìí, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, kọ̀ǹpútà ni ó ń gbé àṣẹ awakọ̀ dé ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà mìíràn wà fún àwọn òṣìṣẹ́. Òmíràn sì ń fún èrò ní fíìmù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dà bí ilé kan tí ó ní yàrá mẹ́ta. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń bẹ̀rù ni pé ẹni tí ó wà ní yàrá èrò lè rí ọ̀nà dé yàrá awakọ̀.

Ìbẹ̀rù yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2008, àjọ FAA, tí ó ń ṣàkóso ìrìnnà òfúrufú ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ fún Boeing pé kí ó fi hàn pé ọwọ́ èrò kò lè tó kọ̀ǹpútà tí ó ń darí ọkọ̀ 787. Ní ọdún 2015, GAO, tí ó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé ògiri tí ó pín àwọn yàrá náà kì í ṣe bíríkì. Ètò kọ̀ǹpútà ni òun náà, ọ̀daràn sì lè wá ọ̀nà láti dá a lu. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ìbẹ̀rù borí òtítọ́. Títí di òní, kò sí ẹ̀rí ní gbangba pé ọ̀daràn kọ̀ǹpútà ti mú kí ọkọ̀ èrò kan já. Orí ilẹ̀ ni ọṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, ní Warsaw ní Pólándì, wọ́n kọlu kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ LOT fi ń ṣètò ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà. Ìrìn-àjò 10 ni wọ́n fagi lé, èrò bí 1,400 sì há sí pápákọ̀.

Ewu tí ó súnmọ́ jù lọ ni pé ilé púpọ̀ ń lo ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo. Pápákọ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta dààmú lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan ni gbogbo wọn gbára lé. Ohun méjì ni ó lè dín ewu náà kù: kí ààlà tòótọ́ wà láàrin kọ̀ǹpútà awakọ̀ àti ti èrò, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì máa kọ́ bí wọ́n ṣe lè fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Kálàmù ni kò jẹ́ kí gbogbo iṣẹ́ dúró ní ọdún 2025.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì wà nínú àjọ OACI, tí òfin rẹ̀ ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan rí i pé a mọ àwọn kọ̀ǹpútà tí ìrìnnà òfúrufú rẹ̀ gbára lé, kí a sì dáàbò bò wọ́n. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Kútọnu tàbí ní Lomé kò lè fi ojú rí ògiri yìí. Àwọn aláṣẹ ni ó yẹ kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì dí ihò rẹ̀ kí aláǹgbá tó dé.