Ẹni Tó Ní Ká Má Wó Ilé, Kó Bá Wa Tún Un Ṣe

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ìjọba bá ti kéde ilé àtijọ́ kan ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ilé náà ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ìkéde kì í dí ihò ara páànù.

Ẹ wo Ilojo Bar ní Tinubu Square, l'Ékòó. Nǹkan bí 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ní irú ìkọ́lé tí àwọn Àgùdà mú bọ̀ láti Brazil. Ìdílé Olaiya rà á ní 1933. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ilé ṣì jẹ́ ti ìdílé, ṣùgbọ́n òfin ní wọn kò gbọ́dọ̀ wó o láìgba àṣẹ. Òjò ní tirẹ̀ kì í gba àṣẹ. Ilé náà ń gbó lọ. Ní September 11, 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ìgbà náà ni ariwo tó sọ.

Àwọn kan á ní owó ilẹ̀ ló wọ onílé lójú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin nìkan kò fi tó. Bí gbogbo ìlú bá ń fi ilé kan yangàn, kí ló dé tí ẹbí kan ṣoṣo á máa ru ẹrù rẹ̀? Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá tún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń mówó wọlé ṣe bí ìlànà ti wí, ìjọba àpapọ̀ á fi ìdá 20 nínú 100 owó àtúnṣe náà dín owó-orí rẹ̀ kù.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ààfin àtijọ́ Déjì ní Àkúrẹ́ wà lára ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Bó bá kan àwọn ilé alámọ̀ wa ní Ìjàrè lọ́la, kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún ìyá àgbà tí òrùlé ń jò lé lórí?

Kí ìjọba kọ́kọ́ bá ẹbí jókòó kó tó kéde. Kó ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ lọ́dọọdún. Bí àlejò bá ń sanwó láti wò ó, kí ẹbí gba ìpín tiwọn. Lẹ́yìn èyí, onílé tó bá wó o lóru, kí òfin mú un. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìkéde láìsí owó, ọwọ́ kan ṣoṣo ni.