Sẹkitéríàtì Káńsù Kì í Ṣe Ìkógun

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 2025, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àwọn sẹkitéríàtì káńsù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ní apá kan ni àwọn alága àti káńsẹ́lọ̀ tí wọ́n dìbò yàn ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 wà, àwọn tí ilé-ẹjọ́ yọ nípò, tí wọ́n wá ń sọ pé ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Kò-Tẹ́-Mi-Lọ́rùn ti dá àwọn padà. Ní apá kejì ni ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ wà, tí wọ́n ní ìdájọ́ náà kò dá ẹnikẹ́ni padà sórí àga. Ẹ̀mí ṣòfò. Ẹni tó ti jẹ́ alága káńsù Irewọlé, tí oríkò rẹ̀ wà ní Ìkirè, wà lára àwọn tó kú. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n dìbò káńsù mìíràn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn jókòó sílé nítorí ẹ̀mí wọn, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n sì fi jókòó. Owó ìpín tó yẹ kó wá láti Àbújá náà dúró.

Láti ìgbà náà, ohun tí kálukú ń bi ara wọn ni ẹni tó jàre. Ìbéèrè yẹn ní àyè tirẹ̀, adájọ́ ló sì ni ín. Ìbéèrè tí kò rí ẹni bi í ni èyí: kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń pe ara rẹ̀ ní alága káńsù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi agbára gba ilé? Ṣé ilé ló ń sọ ènìyàn di alága ni, àbí ìbò?

Bí wọ́n ṣe ń ṣe sí sẹkitéríàtì ní Ọ̀ṣun fi hàn pé ìkógun ni wọ́n kà á sí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ló ṣẹ́gun, ẹni tó bá ṣẹ́gun ló ni kọ́kọ́rọ́, ẹni tó bá sì ni kọ́kọ́rọ́ ló ni owó. Èrò yìí ló pa ènìyàn ní ọjọ́ 17 náà, bí wọn kò bá sì fi òfin pa òun náà, yóò tún pa ẹlòmíràn.

Ìkirè àti Àpòmù ló yẹ kí ènìyàn fi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ mọ Ìkirè, bí kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ rí, nítorí dòdò dúdú aláta tí wọ́n ń nà sí èrò ọkọ̀ lójú fèrèsé. Àpòmù kò jìnnà sí i rárá. Káńsù kan ṣoṣo ló ń ṣàkóso ìlú méjèèjì tẹ́lẹ̀, ìyẹn Irewọlé. Nígbà tó yá ni wọ́n gé òmíràn kúrò lára rẹ̀, wọ́n fi oríkò rẹ̀ sí Àpòmù, wọ́n sì pè é ní Ìṣọ̀kan. (Ẹni tó pín nǹkan sí méjì tó wá sọ ìdajì rẹ̀ ní Ìṣọ̀kan mọ ẹ̀fẹ̀ í ṣe.) Títí di òní, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Ayédáadé ni wọ́n jọ ń yan aṣojú kan lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá.

Ohun tí ará Àpòmù rí nínú pípín náà kò ṣòro láti mọ̀. Ọmọ tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga nílò ìwé ẹ̀rí pé ọmọ ìbílẹ̀ ni òun. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin, ìyá ọlọ́jà tí omi ń ya wọ ìsọ̀ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé tí owó oṣù rẹ̀ kò pé, káńsù ni gbogbo wọn ń forí lé. Oríkò tó wà nítòsí dín owó ọkọ̀ kù, ó sì dín "ẹ padà wá lọ́la" kù. Ìdí nìyí tí ìlú fi ń jà fún un. Nígbà tí àgádágodo bá wá bọ́ sẹ́nu ọ̀nà sẹkitéríàtì ní Ìkirè àti ní Àpòmù, tàbí tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọlé, olóṣèlú tó ń jà kò pàdánù ohun kankan tó jọ ti ọmọ tó ń wá ìwé ẹ̀rí. Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọba tó lówó tí yóò fi tún un kọ́ ni wọ́n ń sọ. Wọn kò sọ ti káńsù tí Àbújá di owó rẹ̀ mú.

Àpòmù gan-an ti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí apá kan bá fi agbára mú ibi tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Kí òyìnbó tó dé, ọjà Àpòmù ni ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìtàn Yorùbá rẹ̀ pé jíjí ènìyàn gbé tà ní ọjà yìí wà lára ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ìkirè àti Àpòmù sì wà lára àwọn ìlú tí ogun náà kàn. Ọjà kì í ṣe sẹkitéríàtì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwà tó ba ọjà náà jẹ́ ni ìwà tó ń ba sẹkitéríàtì jẹ́ lónìí.

Ti Ilé-Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba ológun Abacha dá káńsù Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń gbé oríkò rẹ̀ síhìn-ín, wọ́n ń gbé e sọ́hùn-ún. Nígbà tó di ọdún 1997 tí wọ́n gbé e lọ sí Òkè-Ogbo, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún láàárín àwọn tó ń jẹ ẹ̀gúsí inú ìkòkò kan náà. Ní ọdún kan náà, wọ́n gbé oríkò káńsù Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù Wárì kúrò ní Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben, Ìjọ̀ àti Ìtsẹkírì sì dojú ìjà kọ ara wọn. Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, kò sí ẹni tó pe ìlú jọ kí ó bi wọ́n ní ìbéèrè. Ìkéde ni wọ́n gbọ́.

Àwọn kan yóò ní ìwà Yorùbá tàbí ìwà ènìyàn dúdú nìyí. Irọ́ ni. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ 13 tó bẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà já ara wọn gbà lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fa mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni ibi tí ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò wà, ilé tí púpọ̀ nínú wọn wá ń pè ní Capitol. Àwọn ọlọ́rọ̀ etíkun fẹ́ kó dúró sí ọ̀dọ̀ wọn, àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko ní ọ̀nà jìn. Ìyàtọ̀ wà níbi tí wọ́n ti ja ìjà náà: inú ilé ìgbìmọ̀ ni, ìbò ni wọ́n sì fi parí rẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Virginia, òfin ni wọ́n ṣe ní ọdún 1779 kí wọ́n tó kúrò ní Williamsburg lọ sí Richmond lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nítorí pé Richmond jìnnà díẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tá, ó sì tún súnmọ́ àárín ìpínlẹ̀. Thomas Jefferson, tó jẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Faransé nígbà náà, fi tẹ́ḿpìlì àwọn ará Róòmù kan ní ìlú Nîmes ṣe àwòkọ́ṣe, òun àti ayàwòrán ilé kan tó ń jẹ́ Clérisseau yà á, ó sì fi àwòrán ilé náà tí wọ́n mọ ní kékeré ránṣẹ́ sílé kí àwọn ọ̀mọ̀lé má bàa ṣì í kọ́. South Carolina dìbò ní ọdún 1786 láti kúrò ní Charleston etíkun, wọ́n sì la ìlú tuntun kan, Columbia, sí àárín ìpínlẹ̀. Wọ́n fi apá kan ọ́fíìsì ìjọba sílẹ̀ ní Charleston kí inú àwọn tibẹ̀ má bàa bàjẹ́ jù.

Ti Rhode Island tilẹ̀ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ìpínlẹ̀ tó kéré jù lọ ní Amẹ́ríkà ni, síbẹ̀ ìlú márùn-ún ni ilé ìgbìmọ̀ rẹ̀ ń yí ká títí di ọdún 1854, tí wọ́n ń jókòó nínú ilé-ẹjọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó di ìlú méjì, ọdún 1900 ló tó di ọ̀kan. Connecticut ní olú-ìlú méjì, Hartford àti New Haven, láti ọdún 1701 títí di 1875. Ìnáwó méjì ni, àwọn kan sì kùn sí i. Kùn ni wọ́n kùn. Wọn kò yìnbọn fún ara wọn nítorí rẹ̀.

Èyí tó yẹ kí olóṣèlú Ọ̀ṣun kọ́ sára ògiri ṣẹlẹ̀ ní Annapolis, nínú ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ Maryland tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1772, tí wọ́n ṣì ń lò di òní. Ìgbìmọ̀ àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ń jókòó níbẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1783. George Washington, ọ̀gágun tó ṣẹ́gun Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sí ẹni tó lè dá a dúró bó bá fẹ́ jọba, wọ ilé náà, ó dá ìwé àṣẹ ogun padà fún àwọn aṣojú, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ilé náà kò di tirẹ̀ nítorí pé ó wọ inú rẹ̀.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí rò pé ọ̀run ni ibẹ̀. Òmìnira tí wọ́n ń kéde rẹ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn kò kan ẹrú, kò kan obìnrin. Ní Tennessee, ẹrú wà lára àwọn tó fọ́ òkúta tí wọ́n fi kọ́ ilé ìgbìmọ̀ náà. Ní Richmond tí Jefferson ya ilé fún, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1870 tó jọ ti Ọ̀ṣun bí ìbejì. Ọkùnrin méjì, George Chahoon àti Henry Ellyson, ni kálukú wọn ń sọ pé òun ni olórí ìlú. Kálukú ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Wọ́n sé apá kan mọ́ inú àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n gé omi àti oúnjẹ mọ́ wọn níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́, yàrá òkè nínú ilé ìgbìmọ̀ náà ni adájọ́ ti fẹ́ dájọ́, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin. Èrò pọ̀ jù níbẹ̀, ilẹ̀ yàrá náà wó lu yàrá ìsàlẹ̀, nǹkan bí 60 ènìyàn sì kú. Wọ́n tún ilé náà ṣe, ilé-ẹjọ́ dá Ellyson láre, ìjọba sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Yorùbá náà ní tirẹ̀ ní Agodi, Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1962, nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn aṣòfin fi àga ju ara wọn, wọ́n ṣe ọ̀pá àṣẹ báṣubàṣu, ọlọ́pàá yin tajútajú. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì, tí wọ́n sì fi Dókítà Majẹ́kódùnmí ṣe alákòóso. Ohun tí ẹkùn náà fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé àwọn tó wà nínú ilé náà ṣe bí ẹni pé pápá ìjàkadì ni.

Àwọn olùgbèjà apá méjèèjì ní Ọ̀ṣun ní èsì kan tí wọ́n máa ń fọ̀: ẹni tí kò bá sí nínú sẹkitéríàtì, owó kò ní kàn án. Èsì yìí ló tú àṣírí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù tí ìlú dìbò yàn. Ìdájọ́ rere ni. Àmọ́ kò sí ẹni tó ṣètò ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ènìyàn méjì bá sọ pé àwọn ni ìlú yàn. Ni àga àti tábìlì bá di ẹ̀rí, ni ilé bá di ìwé owó. Bí ìjókòó nínú ilé kò bá jẹ́ ẹ̀rí fún báńkì tàbí fún adájọ́, ta ni yóò fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu nítorí ìjókòó?

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Òṣogbo lè ṣe òfin kan lórí èyí láàárín oṣù díẹ̀. Kí kọ́kọ́rọ́ sẹkitéríàtì wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà àwọn òṣìṣẹ́ káńsù, kí ó má ṣe sí lọ́wọ́ olóṣèlú kankan. Nígbà tí ẹjọ́ bá wà nílẹ̀, kí wọ́n ti yàrá alága àti ti àwọn káńsẹ́lọ̀ pa, kí àwọn yàrá yòókù wà ní ṣíṣí, kí owó oṣù máa wọlé, kí wọ́n máa fún ọmọ onílùú ní ìwé ẹ̀rí. Kí ọlọ́pàá máa ṣọ́ ilé náà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, kí wọ́n má sin ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gbé oríkò káńsù kúrò níbi tó wà, kí ó kọ́kọ́ wá sọ ọ́ ní gbangba, ní gbogbo wọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì dìbò sí i.

Akirè àti Alápòmù lè ràn án lọ́wọ́ bí wọ́n bá jọ fi ọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí Òṣogbo, kí àwọn ọlọ́jà, àwọn olùkọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ ìlú méjèèjì sì kọ orúkọ wọn sábẹ́ rẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan kò gbọdọ̀ sí nínú ìwé náà.